Èpè Ìyá Tí Mo Sọ Di Àdúrà

Ogójì ọdún ni mo fi jẹun lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀, èmi ni n óò wá ọ̀nà tí yóò gbà dé etí Yorùbá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì lórí iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ṣe ìtumọ̀, n kò ní sáré dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ṣe rí lọ́wọ́ mi ná.

Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Bàbá mi jẹ́ kátíkíìsì, ìyá mi jẹ́ tíṣà, èmi náà sì ṣe tíṣà fún ọdún méjì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ fi tíṣà sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn. Ìyá mi kò pariwo. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Mojísọ́lá, bí o ṣe ta ọ̀rọ̀ mi nù yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò ní jọ ọmọ tìrẹ náà lójú.” Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn. Mo gbọ́ ọ, mo di ẹrù mi, mo lọ.

Ọ̀gá Ládẹ̀jọ ni ọkùnrin tí mo lọ bá. Ó ti ṣe olùkọ́ àgbà rí, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn mẹkáníìkì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń túmọ̀ ìwé àdéhùn ilẹ̀, ìwé ìlera, ìwé àgbẹ̀, àti lẹ́tà àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí ó ń san kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Odidi oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n túmọ̀ gbólóhùn kan. Ẹ̀rọ táìpù wa kò ní àmì ohùn, nítorí náà iṣẹ́ mi ni láti fi báírò kọ gbogbo àmì sórí ìwé tí ó bá ti tẹ̀ tán. Àmì kan ṣoṣo tí mo bá gbàgbé, gbogbo ojú ìwé náà ni n óò tún ṣe. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi ìyà jẹ mí ni. Ọjọ́ kan wá dé tí mo fi ìkánjú ṣe ìwé kan fún àwọn àgbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n pọ́n ọkọ́ wọn kí wọ́n tó lọ sóko. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ síta bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo kà á: “Ẹ pọ̀n ọkọ yín kí ẹ tó lọ sóko.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọgọ́rùn-ún obìnrin ni ìwọ fẹ́ kí wọ́n máa gbé ọkọ sẹ́yìn lọ sóko láàárọ̀ ọ̀la?” Láti ọjọ́ náà, n kò tún fojú kéré àmì mọ́.

Nígbà tí ó gbà kí n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, ó tún fi òmíràn kún un. Ohunkóhun tí mo bá kọ, n óò sọ̀kalẹ̀ lọ kà á fún àwọn mẹkáníìkì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá yọ orí lábẹ́ mọ́tò tó bi mí pé “Kí ni wọ́n ní?”, n óò padà sókè, ọ̀gá mi yóò fa ìwé náà ya. Ó fa tèmi ya títí mo fi ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pé ọdún kejì, mo kà á tán, àwọn mẹkáníìkì náà sì kàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n ń mi orí. Kò sí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà tí ó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí ó le jù ni ti lẹ́tà kan. Ọmọ kan tí ó wà lókè òkun kọ̀wé sí bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú ló kún inú rẹ̀. Mo rò pé mo ṣàánú bàbá náà. Mo gé díẹ̀, mo fi ṣúgà sí díẹ̀. Ọ̀gá Ládẹ̀jọ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní, “Ta ló sọ èyí?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà le jù, sà.”

“Ṣé ìwọ ni o bí wọn? Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni tìrẹ, kì í ṣe iṣẹ́ onílàjà. Bí o bá fẹ́ là wọ́n, pa báírò rẹ dé, kí o lọ bá wọn nílé.” Ó wá pa òwe tí gbogbo yín mọ̀: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo tún lẹ́tà náà kọ. Bàbá náà gbọ́ ọ, ó sì ní kí a bá òun kọ èsì. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò ti bá ara wọn sọ òótọ́.

Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, ó sì ṣaláìsí lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ń yí padà. Ẹ̀rọ táìpù lọ, kọ̀ǹpútà dé, àmì ohùn sì wọ inú rẹ̀ níkẹyìn. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fíìmù: n óò tan kásẹ́ẹ̀tì, n óò dá a dúró, n óò kọ ọ́, n óò dá a padà sẹ́yìn, títí ojú mi yóò fi pọ́n. Mo ti ń rò pé mo ti rí gbogbo ẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túnjí ránṣẹ́ pè mí sí Bódìjà.

Ọmọ ọdún bíi márùndínlógójì ni Túnjí nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti sọ géèmù orí fóònù di Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Túnjí, èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ni mo mọ̀ nínú géèmù?” Ó ní, “Mọ́mì, àwọn ọmọ tó mọ géèmù wà níbí, wọn kò gbọ́ Yorùbá tó yín ni.” Ó fi mí sí ẹ̀gbẹ́ Mọrẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin kan tí ó ń gbé ní Àgbowó, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Òun ń kọ́ mi ní géèmù, èmi ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Nínú ìwé, ẹ ó rí ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú géèmù, wọn a tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n gbọ̀n sórí ẹní: ìlà kan nínú àpótí kan, láìsọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da ìyẹn. Yorùbá kò lè fara dà á, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó dàgbà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ọba kan máa sọ “ẹ” fún ewúrẹ́, nítorí n kò mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni géèmù ọmọbìnrin atukọ̀ dé. Ọmọbìnrin kan ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ létí odò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Ọmọ náà fẹ́ mọ ibi tí odò náà parí sí. Ó tú ọkọ̀ náà, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Ìyá dúró létí omi, ó ṣẹ́ èpè fún un: ilé yòówù tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí ó má ṣe mu omi wọn, ọjọ́ tó bá mu ún, kí gbogbo ohun tó ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìlà náà, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Túnjí náà rí i, ẹ̀rù bà á. A jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní, “Mọ́mì, ìyá tó ń ṣépè fún ọmọ? Ní Ìbàdàn níbí? Àwọn òbí yóò dá wa lẹ́jọ́, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yóò sọ̀rọ̀, àwọn mọ́ṣáláṣí yóò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́.”

Mọrẹ́nikẹ́ ní, “Àwọn tó ni ín ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A kò sì tíì mọ ìdí tí ìyá yẹn fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ wọn ná, mà.”

Èmi ni àgbà níbẹ̀. Ibi tí mo bá gbè ni ọ̀rọ̀ yóò gbà. Mo sọ nípa àṣà, mo sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó, mo sọ pé èpè ìyá kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Mọrẹ́nikẹ́ tún la ẹnu, mo wò ó báyìí, ó pa á dé. Mo kọ èyí dípò rẹ̀: “Máa lọ ní àlàáfíà, ọmọ mi. Omi tí o bá mu nílé ẹnikẹ́ni yóò tù ọ́ lára.” Túnjí pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo rò pé mo yí. Mo dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé ọmọ náà ń sunkún lórí èpè, mo yí ìyẹn. Mo dé òpin, mo rí i pé ìyá ń ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, mo yí ìyẹn náà sí “Káàbọ̀, ọmọ mi”. Irọ́ kan kì í dá rìn. Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì gbé e jáde.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyọnu fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbá géèmù náà ní Yorùbá ń kọ̀wé pé ó ti bàjẹ́: ọmọ náà yóò wọ ilé kan, yóò mu omi, gbogbo ẹrù rẹ̀ yóò pòórá, odò yóò sì gbé e padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Túnjí ní kọ̀ǹpútà ló fà á. Àwọn tó ni géèmù náà lókè òkun wò ó, wọ́n ní ti gbogbo èdè yòókù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n kọ̀wé pé bí a kò bá tún un ṣe títí ìparí oṣù, àwọn yóò yọ Yorùbá kúrò nínú géèmù náà, àwọn kò sì ní fi sínú èyí tó ń bọ̀. Gbogbo èdè ayé ló wà lórí àkọsílẹ̀ èdè tí géèmù wọn ń sọ. Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì ni bàbá kan rọra gun àtẹ̀gùn wa ní Bódìjà, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ń gbé nítòsí Challenge, wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá Kàmọ́rù. Wọ́n kò jókòó. Wọ́n ní, “Ta ló kọ Yorùbá inú eléyìí?”

Mo dìde. “Èmi ni, bàbá.”

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Yorùbá yín dára. N kò ka Gẹ̀ẹ́sì, eléyìí ni géèmù àkọ́kọ́ tí mo lè gbá láyé mi. Ṣùgbọ́n ayálégbé kan nínú ilé wa ń gbá tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìyá yẹn kò ṣàdúrà. Ó ní èpè ló ṣẹ́, inú èpè náà ló sì ti sọ ilé tí èèyàn kò gbọdọ̀ ti mu omi. Ṣé òótọ́ ni?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Òótọ́ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ fi yí i?”

“A rò pé ó le jù, bàbá.”

Wọ́n ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa mọ́tò láti Challenge lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹni tó ń kọ àmì sójú ọ̀nà bá ní kòtò wà níwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n óò tẹ bíréèkì. Bí ó bá wá ní kí ọkàn mi má baà dàrú, kí òun kọ ọ́ pé ọ̀nà dán, ṣé ó fẹ́ràn mi ni, àbí ó fẹ́ pa mí?”

Túnjí ń wo ilẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́, tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wò mí lójú lọ́jọ́ náà, kò wò mí. Ó gbé àga fún bàbá, ó sì fún wọn lómi tútù. Bàbá gbà á, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ibo ni ẹnu ọ̀nà yín yìí kọjú sí ná?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí nǹkan, kí n ṣáà tún un ṣe.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo kọjú sí Mọrẹ́nikẹ́. Mo ní, “O sọ ọ́, n kò gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi.” Mo wá sọ ohun tí n kò sọ ní ìpàdé. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ sí mi nídìí ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ o. Dọ̀tun, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń gbọ́ tèmi, kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìpè mí. Ṣùgbọ́n ìyá mi fi ayé sílẹ̀ láìká a kúrò, mo sì ti gbé e rìn láti ìgbà náà. Kì í ṣe nítorí àwọn òbí Ìbàdàn ni mo ṣe yọ èpè yẹn. Ara mi ni mo ń dáàbò bò.

Mọrẹ́nikẹ́ dì mọ́ mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pa pọ̀.”

Ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ láìṣẹ́ ọ̀kan kù. Mo ní, “Ó pé, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ìwé òfin lèyí.” Jíjẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀rọ̀ kì í ṣe kíka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka iṣu. Mo pa ojú dé, mo sọ ọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́: “Ìwọ ọmọ yìí, bó bá ṣe pé èmi ni mo kúnlẹ̀ bí ọ, ilé tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, o kò gbọdọ̀ mu omi wọn. Ọjọ́ tí o bá mu ún, kí gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ bá omi lọ.” Ó gùn ju àpótí rẹ̀ lọ. A kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, wọ́n gbà kí a pín in sí méjì.

Túnjí ní, “Àwọn òbí ńkọ́, Mọ́mì?”

Mo ní, “Ẹni tí kì í jẹ ata, ká sọ fún un pé ata wà nínú ọbẹ̀. Kì í ṣe ká da omi sí ọbẹ̀ gbogbo ilé.” A kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ líle wà nínú géèmù náà, kí òbí kọ́kọ́ wò ó kí wọ́n tó fún ọmọdé. Mo ní kí ó fi orúkọ mi sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú mọ ẹni tí yóò bínú sí.

Àwọn kan sì bínú lóòótọ́. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, “Mojí, ṣé òótọ́ ni pé o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èpè?” Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Títí dòní kò gbà. A sì jọ ń jókòó sórí ìjókòó kan náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù rẹ̀, mo mọ ibi tí ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n n kò ní fi í túmọ̀ mọ́.

Wọn kò yọ Yorùbá. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Bàbá Kàmọ́rù tún gun àtẹ̀gùn wa. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n wo bí àwọn ṣe ń parí rẹ̀. Ọmọ náà ti dé ibi tí odò parí sí, ó ti yí ọkọ̀ padà, ó ti gúnlẹ̀ sílé. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó. Ó jáde wá, ó sì sọ gbólóhùn tí mo ti kọ́kọ́ pa rẹ́, tí mo wá dá padà: “Mo ká ọ̀rọ̀ mi kúrò lórí rẹ. Wá mu omi.” Bàbá gbé fóònù náà sórí itan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ìyá, ìsinsìnyí ni mo tó mọ̀ pé obìnrin yìí fẹ́ràn ọmọ rẹ̀.”

Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ti ń túmọ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni yóò fi ṣe ohun tí ó ń gbà mí lọ́sẹ̀ kan. Mo lò ó, n kò bá a jà, bí mi ò ṣe bá kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ jà. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó dàgbà ju ẹnìkejì lọ, kò sì sí mẹkáníìkì kankan tó ń kà á fún. Iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjì dénú, tí kò sì tijú láti béèrè, yóò jẹun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé.

Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì sí Akóbò. Lọ́jọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn, Mọrẹ́nikẹ́ ti di ọ̀gá lórí ìtumọ̀, òun ló sì ń yẹ iṣẹ́ gbogbo wa wò. Mo ti palẹ̀ tábìlì mi mọ́, mo ti kó awò ojú mi sínú báàgì, mo ti dìde, nígbà tí ó dá ìlà kan padà fún mi. Ṣọ́jà kan nínú géèmù ló ń lé arúgbó kan kúrò lójú ọ̀nà. Mo ti kọ ọ́ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà.”

Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, mà. Ṣọ́jà yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀yin lẹ bá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó padà. Mo yọ awò ojú mi nínú báàgì, mo pa ìlà náà rẹ́, mo sì kọ ọ́ bí ṣọ́jà náà ṣe sọ ọ́: “Ìyá yìí, kúrò lọ́nà!” Ó kà á, ó mi orí, ó fi ránṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé báàgì mi.